Wi-Fi tó ń sùn jù: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èwo nínú power save ló ń da dráífà yín láàmú

Ẹ ṣe update lálẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì Wi-Fi ti yàtọ̀. Ping (ìdánwò tó ń wọn bí páákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà, ṣe ń pẹ́ tó kó tó lọ kó sì bọ̀) tó máa ń jẹ́ 3 ms ti di 200, ìpè WhatsApp ń já, SSH (tẹ́ ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà míì) ń dì gbagidi tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀ láì tẹ nǹkan kan, àbí kí kádì Wi-Fi kúkú pòórá títí ẹ ó fi pa láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ó tún un tàn. Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá, ohun kan náà ni gbogbo wọn máa sọ: ẹ pa power save, ìyẹn ètò tó ń mú kádì sùn kó má bàa jẹ bátìrì. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé tí iná bá lọ lọ́sàn-án, bátìrì la fi ń parí iṣẹ́, ẹni tó bá wá pa gbogbo ẹ̀ pátá ń fi bátìrì ẹ̀ ṣòfò ni, kò sì tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan ni pé power save kì í ṣe ẹyọ kan. Oorun mẹ́rin ni, wọ́n tò léra wọn lórí, kóòdù tí kálukú ń lò yàtọ̀, bí kálukú ṣe ń bàjẹ́ náà sì yàtọ̀. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ mọ èwo ni kernel tuntun (ọkàn Linux, ibi tí dráífà tó ń darí kádì wà) tó bá update yẹn wọlé fọwọ́ kàn. Linux ni gbogbo kómáǹdì tó wà níbí o.

Oorun mẹ́rin yẹn

Àkọ́kọ́ ni oorun tó wà nínú òfin 802.11, òfin Wi-Fi, fúnra ẹ̀. Kádì yín á fi frame kékeré kan ránṣẹ́ sí ráútà, kò sí dátà kankan nínú ẹ̀, bit kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀ tó ń sọ pé mo fẹ́ sùn. Látìgbà yẹn lọ ráútà á máa bá a tọ́jú páákẹ́ẹ̀tì, bí aládùúgbò tó ń báni gba ẹrù nígbà tá ò sí nílé. Beacon ni ráútà fi ń kéde pé ẹrù wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ń fi beacon ránṣẹ́ ní gbogbo 100 TU, TU kan sì jẹ́ 1024 microsecond, ìyẹn ni pé 102.4 ms ló wà láàárín beacon kan sí èkejì. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú beacon tó ń jẹ́ TIM, tí nọ́ńbà kádì yín bá wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jí wá gba ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Broadcast àti multicast, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní tiwọn máa ń dúró de beacon tó ń jẹ́ DTIM, tí wọ́n bá wá ṣètò ráútà sí DTIM 3 (ẹyọ kan nínú beacon mẹ́ta), ARP (ìbéèrè tí ẹ̀rọ fi ń wá ara wọn) lè pẹ́ tó 307 ms kó tó dé etí kádì tó ń sùn, tí kádì bá sì pàdánù beacon yẹn, ó di ìgbà míì nìyẹn.

Ìkejì, oorun ti firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kádì fúnra ẹ̀. Láàárín beacon sí beacon, chip náà lè pa rédíò ẹ̀, kó pa clock ẹ̀, kó fi nǹkan kékeré kan sílẹ̀ láti ka àkókò. Realtek ń pè é ní LPS, èyí tó jinlẹ̀ jù ni LPS deep. Intel ní tiẹ̀ fi power_scheme ṣètò ẹ̀.

Ìkẹta ni oorun ti ọ̀nà tí kádì fi ń bá CPU sọ̀rọ̀: ASPM tó bá jẹ́ PCIe, autosuspend tó bá jẹ́ USB. Ìkẹrin ni suspend, ìgbà tẹ́ ẹ bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé.

Lójú tèmi o, ìkejì àti ìkẹta ni wàhálà pọ̀ sí jù, àwọn yẹn náà sì ni àwọn èèyàn kì í yẹ̀ wò torí pé wọ́n rò pé `iw`, kómáǹdì tó ń ṣètò Wi-Fi, ti pa gbogbo ẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

```
uname -r
ethtool -i wlp2s0
lspci -nnk | grep -A3 -i network
lsusb -t
```

Ẹ fi orúkọ tó wà lórí ẹ̀rọ tiyín rọ́pò `wlp2s0`, `iw dev` á sọ ọ́ fún yín. Ẹ da gbogbo ohun tó bá jáde sínú fáìlì kan. Ẹ wo firmware-version tí `ethtool` kọ dáadáa, torí pé package linux-firmware àti kernel lè jọ wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kẹ́ ẹ wá máa dá kernel lẹ́bi nígbà tó jẹ́ firmware ló yí padà. Lórí Ubuntu àti Debian, `/var/log/apt/history.log` máa sọ ohun tó wọlé lọ́jọ́ náà fún yín, kó tiẹ̀ tó di pé ẹ ṣí kóòdù kankan.

Lẹ́yìn náà, ta ló ń tan power save yẹn tó tún ń pa á?

```
iw dev wlp2s0 get power_save
cat /etc/NetworkManager/conf.d/*powersave*
```

Lórí Ubuntu, fáìlì `default-wifi-powersave-on.conf` ló wà níbẹ̀, `wifi.powersave = 3` ló sì wà nínú ẹ̀. 3 ni kó tàn án, 2 ni kó pa á, 1 ni kó má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá ní TLP (ètò tó ń tọ́jú bátìrì), òun náà ní `WIFI_PWR_ON_AC` àti `WIFI_PWR_ON_BAT`, á pa power save tẹ́ ẹ bá wà lórí iná, á sì tàn án padà tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí bátìrì.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o, nítorí iná wa. Àbúrò kan tó ń kàwé ní FUTA gbé láptọ́ọ̀pù tokunbo wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí iná bá ti lọ báyìí ni Wi-Fi mi máa ń kú, kernel yìí ti bà á jẹ́." Mo ní kó yọ charger nígbà tí iná wà. Ó yọ ọ́, TLP tan power save, a jọ wò ó títí, kò sí nǹkan tó ṣe Wi-Fi. Ráútà ilé wọn ló wà lórí inverter tó máa ń pẹ́ kó tó gbé iṣẹ́, ráútà náà á kú, á tún ara ẹ̀ tàn, láptọ́ọ̀pù tó wà lórí bátìrì ò mọ nǹkan kan. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán bátìrì wò, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi yọ charger, nígbà tí iná wà, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, torí nǹkan méjì ló máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ lójú yín

Wàhálà tẹ́ ẹ ò lè pè kó wá, ẹ ò lè tọ́jú ẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé orí láptọ́ọ̀pù náà ni wọ́n ti ń ping ráútà. Ping tó ń jáde látinú láptọ́ọ̀pù ló ń jí kádì, kádì á ṣì wà lójúfò fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ránṣẹ́, èsì á sì bá a lójúfò, gbogbo ẹ̀ á wá dà bíi pé ó dáa. Láti orí ẹ̀rọ míì ni kẹ́ ẹ ti ping wá sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kejì wà lórí cable tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ fi IP láptọ́ọ̀pù tiyín rọ́pò `192.168.1.20`:

```
ping -D -i 1 192.168.1.20
```

Ohun tẹ́ ẹ máa rí á jọ báyìí:

```
icmp_seq=11 ttl=64 time=87.4 ms
icmp_seq=12 ttl=64 time=41.0 ms
icmp_seq=13 ttl=64 time=203 ms
icmp_seq=14 ttl=64 time=3.1 ms
icmp_seq=15 ttl=64 time=96.8 ms
```

Èyí tí kò ju 102 lọ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn tí power save bá wà ní títàn: páákẹ́ẹ̀tì dé ráútà láàárín beacon méjì, ó dúró de èyí tó ń bọ̀. 203 yẹn, kádì ti pàdánù beacon kan, tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ má dá a lóhùn, àmọ́ tó bá pọ̀ tó ń di 400, 700, ìṣẹ́jú-àáyá 2, nígbà náà ni ẹjọ́ wà. Ẹ yí `-i 1` padà sí `-i 0.02`, tí gbogbo ẹ̀ bá wá lọ sílẹ̀ sí 3 ms lójú ẹsẹ̀, oorun ni lóòótọ́, torí pé kádì ò ráyè sùn mọ́. `-i 0.02` lè béèrè `sudo`.

Kí páákẹ́ẹ̀tì pẹ́ àti kó sọnù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Tó bá ń pẹ́ ṣùgbọ́n tó ń dé, ráútà mọ̀ pé kádì ń sùn, ó sì ń bá a tọ́jú ẹrù. Tó bá ń sọnù, ó ṣeé ṣe kí kádì ti sùn láì sọ fún ráútà, ráútà á wá máa ju páákẹ́ẹ̀tì sí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, a máa padà sórí ẹ̀ nígbà tá a bá dé inú kóòdù.

Ẹ wá tan kernel àtijọ́ látinú GRUB (àkójọ tó ń jáde tẹ́ ẹ bá ń tan ẹ̀rọ), ẹ ṣe ping kan náà, ẹ gbé èsì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ráútà kan náà, orí tábìlì kan náà, firmware kan náà. Tí èsì méjèèjì bá jọra, kernel kọ́.

Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ ṣí tẹ́mínà kan sílẹ̀ tó ń ṣe `sudo dmesg -w`, ibi tí kernel ti ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa ohun kan, ẹ dán an wò, ẹ dá a padà, ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Ẹni tó bá pa mẹ́ta pọ̀, tó wá sọ pé ó ti dáa, kò mọ nǹkan kan ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

```
sudo iw dev wlp2s0 set power_save off
```

Tí wàhálà bá lọ, inú oorun àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ló wà, torí pé ọ̀pọ̀ dráífà kì í ran firmware lọ sùn tí power_save bá wà ní pípa. Tí kò bá yí padà rárá, ẹ lọ sórí bus, ọ̀nà tí kádì fi ń bá CPU sọ̀rọ̀, oorun ìkẹta.

Láti ya àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, ẹ dá power_save padà sí on, kẹ́ ẹ wá béèrè ohun tí dráífà yín gbà kẹ́ ẹ yí (rtw88 àti rtw89 jẹ́ ti Realtek, iwlmvm jẹ́ ti Intel):

```
modinfo -p rtw88_core
modinfo -p rtw88_pci
modinfo -p iwlmvm
```

rtw88_core ní `disable_lps_deep`. rtw89_core ní `disable_ps_mode`. iwlmvm ní `power_scheme`, 1 ni kó wà lójúfò, 2 ló máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀, 3 ni kó sùn dáadáa. rtl8723be àtijọ́ ní `ips` àti `fwlps`, kádì yẹn ṣì pọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tokunbo. ath9k ní `ps_enable`, 0 ló sì wà látilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì tó jẹ́ ti àyẹ̀wò nìkan:

```
# /etc/modprobe.d/wifi-test.conf
options rtw88_core disable_lps_deep=Y
```

Ẹ yọ module (dráífà yẹn) kúrò, kẹ́ ẹ fi í padà, torí pé fáìlì yẹn ò ní ṣe nǹkan kan fún module tó ti wà nínú kernel tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ wá lọ wò ó lójú ara yín pé ó wọlé: `cat /sys/module/rtw88_core/parameters/disable_lps_deep`. Ẹ má fo èyí o, àìmọye èèyàn ló ti dán nǹkan tí kò wọlé wò, tí wọ́n wá sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bus wá ńkọ́? Tí dmesg bá ń kọ `PCIe Bus Error`, tàbí tí dráífà ń ka register (àyè kékeré nínú chip) tó ń rí `0xffffffff` níbi gbogbo, kádì ò dáhùn mọ́ lórí PCIe nìyẹn, nọ́ńbà yẹn ni CPU máa ń rí tí kò bá sẹ́ni nílé. Ẹ wò ó (ẹ fi nọ́ńbà tí `lspci` kọ síwájú kádì yín rọ́pò `02:00.0`):

```
sudo lspci -s 02:00.0 -vv | grep -i aspm
cat /sys/module/pcie_aspm/parameters/policy
```

Ẹ lè pa á fún kádì nìkan, bíi `options rtw88_pci disable_aspm=Y`, rtw89_pci ní tiẹ̀ pín in sí `disable_aspm_l1` àti `disable_aspm_l1ss`, èyí tó dáa gan-an torí ẹ máa mọ̀ bóyá L1 (ìpele oorun kan nínú ASPM) ni tàbí àwọn ọmọ ẹ̀. Tí dráífà yín ò bá ní irú ẹ̀, ẹ fi `pcie_aspm.policy=performance` sí ìlà kernel nínú GRUB. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ lo `pcie_aspm=off`. Ẹ ṣọ́ra, ìyẹn kò pa ASPM tí BIOS bá ti tàn sílẹ̀, ńṣe ló ń sọ fún kernel pé kó má fọwọ́ kan ohun tó bá níbẹ̀. Ẹ lè fi í sí i kí L1 ṣì wà ní títàn, kẹ́ ẹ wá jókòó máa sọ pé ASPM kọ́ ló fà á.

Tó bá jẹ́ dongle USB, ẹ kọ `on` sínú `power/control` ẹ̀ lábẹ́ `/sys/bus/usb/devices`, ó tán.

Suspend rọrùn láti dán wò láì pa ìdérí dé ní ìgbà àìmọye:

```
echo devices | sudo tee /sys/power/pm_test
echo mem | sudo tee /sys/power/state
```

Èyí á mú kí gbogbo dráífà sùn, wọ́n á sì jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5, láì jẹ́ pé ẹ̀rọ sùn gan-an. Tí kádì bá kú níbí, dráífà ni. Tó bá la èyí já àmọ́ tó kú nínú suspend gidi, ẹ wo BIOS àti bí iná ṣe ń dé ara kádì. Ẹ kọ `none` padà sínú pm_test tẹ́ ẹ bá ṣe tán.

Inú kóòdù

Ní báyìí ẹ ti mọ oorun tó jẹ̀bi. Kẹ́ ẹ tó ka C, ẹ jẹ́ kí kernel fúnra ẹ̀ rojọ́:

```
sudo trace-cmd record -e cfg80211 -e mac80211
sudo trace-cmd report | grep -E 'power_mgmt|drv_config|cfg_changed'
```

`rdev_set_power_mgmt` ni ìgbà tí NetworkManager tàbí `iw` béèrè. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `drv_` ni ìgbà tí mac80211 (apá kernel tó ń darí dráífà Wi-Fi) pàṣẹ fún dráífà. Tẹ́ ẹ bá rí ìbéèrè tẹ́ ẹ ò wá rí àṣẹ tó tẹ̀ lé e, ẹ má lọ sínú dráífà, mac80211 ló dá a dúró. Ẹ tún lè la ẹnu mac80211 sí i:

```
echo 'module mac80211 +p' | sudo tee /sys/kernel/debug/dynamic_debug/control
```

Nínú kóòdù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ fi `git grep` wá: `SUPPORTS_PS`, `SUPPORTS_DYNAMIC_PS` àti `PS_NULLFUNC_STACK`. Flag lásán ni wọ́n, ìlà kan ṣoṣo nínú commit (àyípadà kan nínú kóòdù), ẹni tó ń kà á lè fò ó kọjá, ṣùgbọ́n àdéhùn ni wọ́n láàárín dráífà àti mac80211. Tí dráífà bá sọ pé òun ní `SUPPORTS_DYNAMIC_PS`, mac80211 ò ní ka àkókò mọ́ kó tó ran kádì lọ sùn, ó ti gbé e lé firmware lọ́wọ́. Tí firmware tó wà lórí ẹ̀rọ yín ò bá wá ṣe é dáadáa, latency, ìyẹn kí páákẹ́ẹ̀tì máa pẹ́, lẹ máa rí. `PS_NULLFUNC_STACK` ní tiẹ̀ ń sọ pé mac80211 ni kó fi frame "mo fẹ́ sùn" yẹn ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá yọ ọ́ kúrò tí firmware kò sì fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀, kádì á sùn, ráútà ò ní mọ̀, páákẹ́ẹ̀tì á sọnù. Ẹ rántí pé mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ń pẹ́ ni tàbí ó ń sọnù, ìdí nìyí.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa wá ni ẹni tó ń fọwọ́ kan kádì nígbà tó ń sùn. Nínú rtw88, iṣẹ́ kan wà tó ń yí ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 2, òun ló ń wò ó bóyá traffic ti lọ sílẹ̀ kó tó wọ LPS. Gbogbo ibi tó bá fẹ́ kọ nǹkan sínú register gbọ́dọ̀ jí kádì ná, kó di lock (ohun tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ méjì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà) mú, kó tó kọ. Tí commit tuntun bá gbé ìlà tó ń jí kádì lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, tàbí tó yọ lock torí pé ó ń dá iṣẹ́ dúró, scan (ìgbà tí kádì ń wá ráútà) ló máa tú u fó: scan bẹ̀rẹ̀, oorun wọlé láàárín, dmesg á wá kọ `firmware failed to leave lps state`. Tẹ́ ẹ bá fura sí i, ẹ máa ṣe `sudo iw dev wlp2s0 scan` léraléra nígbà tí ping ń lọ, ohun tó ń gba wákàtí kan kó tó ṣẹlẹ̀ lè wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tí àríyànjiyàn bá ṣì wà nípa ohun tí kádì ń sọ, ẹ wá dongle kejì, ẹ gbé e sí monitor mode (kó máa gbọ́ gbogbo ohun tó ń kọjá) lórí channel ráútà, kẹ́ ẹ fi Wireshark gbọ́ ọ lójú afẹ́fẹ́. `wlan.fc.pwrmgt == 1` ni kádì tó ń sùn, `wlan.fc.type_subtype == 0x24` ni frame null, 0x2c ni ti QoS. Afẹ́fẹ́ kì í parọ́, dráífà lè ní òun ti ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan kan ò jáde.

Bisect, fún ẹni tí kóòdù ò bá yé

```
git bisect start v6.8 v6.6 -- drivers/net/wireless/realtek net/mac80211 net/wireless
```

Bisect máa ń pín commit tó wà láàárín kernel tó dáa àti èyí tó bàjẹ́ sí méjì léraléra títí á fi kan èyí tó jẹ̀bi. Nínú kómáǹdì yìí, èyí tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ wá, èyí tó dáa ló tẹ̀ lé e. Tí commit bá tó 500, bíi ìgbà 9 lẹ máa kọ́ kernel. Ẹ lo `make localmodconfig` kó má pẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ki gbogbo dongle àti fóònù tẹ́ ẹ máa nílò bọ USB, torí module tó bá wà nínú kernel lásìkò yẹn nìkan ló máa mú. Ibi tí iná ti dúró ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ, ẹ má fi bátìrì ṣe é. Gíígà mélòó kan ni clone gbogbo kernel, ẹ ṣe é lóru tí dátà bá rọjú. Ẹ má lo shallow clone, kò sí ìtàn nínú ẹ̀, èyí tó ń lo `--filter=blob:none` sì máa fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Wi-Fi yín tó ń ṣàìsàn sì lẹ fẹ́ fi gbà á.

Ẹ má yára sọ `git bisect good`. Tí wàhálà bá máa ń wá láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ dúró tó wákàtí kan tó mọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó dáa, torí good èké kan máa gbé yín lọ sórí commit aláìṣẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀. Èyí tí kò bá tan rárá, `git bisect skip`. Firmware ò gbọdọ̀ yí padà ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ so package ẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú `apt-mark hold linux-firmware`.

Tẹ́ ẹ bá ti rí commit, ẹ revert ẹ̀ (ẹ yọ àyípadà náà kúrò) lórí kernel tuntun, kẹ́ ẹ ṣe ping àti scan lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ tó dájọ́. Tó bá jẹ́ pé orí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ASPM ti ń ṣe wàhálà, quirk DMI, ìyẹn àyàfi nínú kóòdù tó dárúkọ ẹ̀rọ yẹn, ló tọ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ pa á fún gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lock tàbí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jí, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, ẹ má sá pamọ́ sẹ́yìn module parameter.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ti ṣe tán, ẹ yọ charger, ẹ dín iná ojú screen kù, ẹ wo bátìrì nígbà tí Wi-Fi wà láì ṣe nǹkan kan:

```
cat /sys/class/power_supply/BAT0/power_now
```

Microwatt ni. Àwọn ẹ̀rọ kan ò ní fáìlì yìí, `current_now` àti `voltage_now` ni wọ́n ní, ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ wá fi mílíọ̀nù kan pín in. Ẹ fi wé ti kernel àtijọ́: tí nọ́ńbà bá ga ju tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tẹ́ ẹ pè ní àtúnṣe ti pa oorun náà ni. Kẹ́ ẹ wá pa `/etc/modprobe.d/wifi-test.conf` rẹ́, kẹ́ ẹ ṣe `apt-mark unhold`, kẹ́ ẹ yọ `pcie_aspm.policy` kúrò nínú GRUB, torí tí ohun àyẹ̀wò bá wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ ọjọ́ tí kernel tuntun bá tún un bà jẹ́.